Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Ọmọ Tí Ọpọlọ Rẹ̀ Farapa

Ọpọlọ ni ọ̀gá ara. Òun ni ó ń sọ fún ẹsẹ̀ pé kí ó rìn, fún ọwọ́ pé kí ó mú ṣíbí, fún ẹnu pé kí ó sọ̀rọ̀. Bí ọmọ bá já bọ́ láti orí igi, tàbí bí alùpùpù bá gbá a, tí ó sì fi orí sọlẹ̀, ọpọlọ lè farapa nínú agbárí, bí awọ orí kò tilẹ̀ bẹ́.

Ọsibítù ni a ó kọ́kọ́ gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1962 ni Dókítà Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní ọsibítù UCH, Ìbàdàn. Dókítà lè gba ẹ̀mí ọmọ là. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó kù lẹ́yìn náà, ilé ni a ti ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọmọbìnrin ọmọ ọdún 8 kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó délé láti ọsibítù, kò lè dá jókòó. Ó gbàgbé orúkọ àbúrò rẹ̀. Ọmọ tí ó ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ wá di oníbìínú, ó ń da abọ́ oúnjẹ nù. Àwọn ará àdúgbò ní, "Wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ yìí." Rárá o! Kò sí ẹni tí ó pààrọ̀ rẹ̀. Ọgbẹ́ inú orí ni ó ń fa ìbínú náà. Ẹ má nà án, ẹ má sì fi í pamọ́ sí yàrá.

Kí ni ìdílé lè ṣe?

1. Ẹ pín iṣẹ́ náà. Bí ìyá nìkan bá ń ṣe é, àárẹ̀ yóò mú un. Kí bàbá máa gbé e, kí ẹ̀gbọ́n máa bá a ṣeré, kí ìyá àgbà máa pe oríkì rẹ̀ sí i létí.

2. Bí kò bá lè yíra padà, ẹ máa yí i padà ní wákàtí 2, wákàtí 2, tọ̀sán tòru, kí egbò má baà dá sí i lára.

3. Ẹ gbé e jókòó dáadáa kí ẹ tó fún un lóúnjẹ. Ẹ má rọ ọ́ ní ẹ̀kọ tàbí àgbo. Oúnjẹ lè gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró, kí ó sì pa á.

4. Bí gìrì bá mú un, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má sì ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọná. Bí gìrì náà bá ju ìṣẹ́jú 5 lọ, tàbí bí ó bá ń bì tí oorun àìlójú sì ń kùn ún, ọsibítù ni kí ẹ sáré gbé e lọ.

5. Ohun tí wọ́n bá kọ́ yín ní ọsibítù, ẹ máa ṣe é lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀, kí ọmọ sì máa sinmi.

Kí ló dé tí a fi ń ṣe ohun kan náà lójoojúmọ́? Ibi tí ó kú nínú ọpọlọ kì í sábà jí mọ́, ṣùgbọ́n ibi tí ó yè lè kọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní, lẹ́ẹ̀dì wúwo lọ́wọ́ yín bí ọmọ odó. Lónìí, ẹ ń kọ orúkọ yín.

Nítorí náà, ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ọjọ́ àti ohun tí ọmọ ṣe sínú rẹ̀: "Lónìí, ó di ṣíbí mú." "Lónìí, ó pe àbúrò rẹ̀." Ẹ kọ ọjọ́ tí gìrì mú un pẹ̀lú. Ẹ gbé ìwé náà lọ fún dókítà. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni yóò padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ọkàn yín bá rẹ̀wẹ̀sì, ẹ ṣí ìwé náà, ẹ ó rí ọ̀nà tí ọmọ ti rìn.

Ìbéèrè
1. Kí ló dé tí a kò gbọdọ̀ rọ ọmọ yìí lóúnjẹ?
2. Kí ni a ó ṣe bí gìrì bá mú un?
3. Kí ni ẹ ó máa kọ sínú ìwé kékeré náà?