Bẹ́ẹ̀dì Kì Í Ṣe Pápá Ìṣeré: Ẹ̀kọ́ fún Òbí àti Alágbàtọ́



Ẹ̀yin ará wa lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí dá lórí ohun kan tó jọ ohun kékeré, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe kékeré rárá: bí àwọn ọmọ wa ṣe máa ń fò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ilé wo ni ọmọ wà tí a kì í ti í gbọ́ ọ? Bí ìyá bá ti wọ ilé ìdáná, tí bàbá sì ti jáde, ariwo á sọ nínú yàrá, bẹ́ẹ̀dì á máa dún gbì-gbì. Àwọn àgbà kan á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní eré ọmọdé ni. Àwọn mìíràn á fa pàṣán yọ. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú ẹ̀kọ́ yìí ni pé ẹ̀rín kò tó, pàṣán náà kò sì tún un ṣe.

ÌDÍ TÍ ỌMỌ FI Ń FÒ
Kì í ṣe oríkunkun ló ń mú ọmọ fò. Ara tó ń dàgbà kì í fẹ́ jókòó sójú kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní ọdún 2019 pé ó yẹ kí ọmọ ọdún 3 sí 4 máa lo ó kéré tán ìṣẹ́jú 180 lójúmọ́ nínú ìgbòkègbodò ara, kí ìṣẹ́jú 60 nínú rẹ̀ jẹ́ eré tó gba agbára. Ọmọ ọdún 5 sí 17 nílò ìṣẹ́jú 60 ó kéré tán. Ọmọ tó jókòó ní kíláàsì láti àárọ̀, tó dé ilé tí wọ́n tún ní kó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, agbára tí kò lò lọ́sàn-án, orí bẹ́ẹ̀dì ni yóò ti lò ó lálẹ́.

EWU TÓ WÀ NÍBẸ̀
Ìkínní ni orí. Bí a bá fi orí ọmọdé wé ìyókù ara rẹ̀, ó tóbi, ó sì wúwo ju ti àgbà lọ. Nítorí náà, bí ọmọ kékeré bá já bọ́, orí ló sábà máa ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Ilẹ̀ yàrá wa, símẹ́ńtì tàbí táìsì ni. Kò rọ̀.

Ìkejì ni ọwọ́. Ọmọ tó ń ṣubú á na ọwọ́ síwájú láti gba ara rẹ̀ dúró. Eegun òkè ìgúnpá lè ṣẹ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀, pàápàá láàárín ọmọ ọdún 5 sí 7. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí àtẹ́lẹwọ́ sì wà nítòsí ibẹ̀.

Ìkẹta ni ohun tó yí bẹ́ẹ̀dì ká: irin tàbí igi ìgbérí, etí tábìlì, gíláàsì fèrèsé, àti fáànù òkè àjà. Bí bẹ́ẹ̀dì bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n gbé lé ara wọn, fáànù ti sún mọ́ orí ọmọ tó wà lókè. Àjọ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbani níyànjú pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6 má ṣe sùn lórí bẹ́ẹ̀dì òkè.

Ìkẹrin ni kí ọmọ púpọ̀ máa fò pọ̀. Nígbà tí àjọ kan náà ń sọ̀rọ̀ ní ọdún 2012 nípa ohun ìṣeré tí wọ́n ṣe fún fífò gan-an, wọ́n ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tó ń ṣèṣe jẹ́ àwọn tí kò dá fò. Èyí tó kéré jù láàárín wọn ló máa ń fara gbá jù. Bí ọmọ ọwọ́ bá sì ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká ronú sí i.

BÍ A ṢE LÈ GBA ỌMỌ NÍYÀNJÚ
Ẹ̀yin ará wa, a rántí pé nígbà tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) wà ní ìforíkanlẹ̀, tí ọmọọmọ rẹ̀ gùn ún lẹ́yìn, ńṣe ló fa ìforíkanlẹ̀ náà gùn títí ọmọ fi ṣeré tó. Kò jù ú dànù. Ọmọ kò fò lórí wa bí a bá fún un níbi tó lè fò sí.

1. Kí òfin jẹ́ ọ̀kan, kí gbogbo àgbà ilé sì sọ ọ́ bákan náà: a ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, a ń jókòó lórí rẹ̀, a kì í fò lórí rẹ̀. Bí ìyá bá kọ̀ tí ìyá àgbà gbà, òfin ti bàjẹ́.
2. Kí a sọ ìdí rẹ̀. “Má fò” nìkan kò yé ọmọ. “Ilẹ̀ le, orí rẹ lè fọ́” á yé e.
3. Kí a fún un ní àyè mìíràn kíákíá. Okùn fífò, bọ́ọ̀lù, tẹ́ńtẹ́n lórí iyẹ̀pẹ̀ àgbàlá, ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan kí oorun tó kàn.
4. Kí a ti bẹ́ẹ̀dì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí a sì gbé tábìlì olórí ṣóńṣó jìnnà sí i.
5. Bí ó bá gbọ́ràn, kí a yìn ín lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

BÍ ỌMỌ BÁ JÁ BỌ́
Bí ọmọ bá ń pariwo ọrùn, tàbí tí kò lè gbé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀, ẹ má ṣe fà á dìde. Ẹ wá ìrànlọ́wọ́.

Bí orí ló bá fi lélẹ̀, kí a máa ṣọ́ ọ fún ó kéré tán ọjọ́ kan sí méjì. Ẹ̀jẹ̀ lè máa sun lábẹ́ agbárí nígbà tí ọmọ ṣì ń ṣeré fún wákàtí mélòó kan. Bí ó bá ń bì léraléra, tí gìrì mú un, tí ó ń sùn tí kò ṣeé jí dáadáa, tí orí fífọ́ rẹ̀ ń le sí i, tí ẹyinjú kan fẹ̀ ju èkejì lọ, tàbí tí omi tàbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní imú tàbí etí rẹ̀, ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru.

Bí ọwọ́ ló bá wú, ẹ má ṣe fi omi gbígbóná àti òrí wọ́ ọ, ẹ má sì ṣe fà á. Ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà, ẹ fi ìborùn gbé e kọ́ ọrùn, kí ẹ lọ ya àwòrán eegun. Ìdì tó le jù láti ọwọ́ àwọn tó ń to eegun nílé lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Bí ìka ọmọ bá tutù, tó funfun, tàbí tó kú tipiri, ewu ti dé. Àwọn ọmọ kan ti pàdánù ọwọ́ wọn báyìí.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ti pàṣán. Ọmọ tó mọ̀ pé wọn yóò na òun bí òun bá ṣubú, á fi ìṣubú náà pa mọ́. Á dùbúlẹ̀, á ní oorun ló ń kun òun. Àgbà kò ní mọ̀ pé ó forí gbálẹ̀, kò sì ní ṣọ́ ọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí gbogbo ọmọ tó wà lábẹ́ wa mọ ọ̀rọ̀ yìí dájú: bí o bá ṣubú, wá sọ fún wa, a kò ní nà ọ́. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ká fi tòsì fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì yẹn lè jẹ́ ohun tí yóò gba ẹ̀mí ọmọ là.

Kí Ọlọ́hun Ọba bá wa dá àwọn ọmọ wa sí, kí Ó má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa fa àbámọ̀. Àmín.

Wa billahi taofiq.