Ìrora Tí Ń Tẹ̀lé Abẹ́rẹ́ Orúnkún

Ẹni tí àrùn oríkèé bá ń dà láàmú mọ bí ó ti rí láti jí ní òwúrọ̀ kí orúnkún má ṣeé ká. Nígbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dé ilé ìwòsàn, tí dókítà sì gún un ní abẹ́rẹ́ sí inú oríkèé, ìrètí rẹ̀ ni pé ìyà ti tán. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́, orúnkún yóò máa dùn ún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn ará ilé yóò dìde: ọ̀kan yóò ní oògùn náà ti bàjẹ́, èkejì yóò ní ọwọ́ ayé ni. Ó yẹ kí olúkúlùkù mọ̀ pé oríṣi ìrora méjì ni ó lè tẹ̀lé abẹ́rẹ́ yìí. Ọ̀kan a máa lọ fúnra rẹ̀. Èkejì kì í wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó lè ba oríkèé jẹ́, ó sì lè pa ènìyàn.

Bí Oògùn Náà Ti Bẹ̀rẹ̀

Ẹbí kọ́tísóònù ni oògùn yìí. Ẹ̀yà ara kékeré méjì tí ó wà lórí kíndìnrín a máa ṣe irú rẹ̀ nínú ara ènìyàn. Ní oṣù September 1948, ní ilé ìwòsàn Mayo ní ìlú Rochester ní Amẹ́ríkà, Dókítà Philip Hench àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún obìnrin kan tí àrùn oríkèé kò jẹ́ kí ó gbádùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ní oògùn náà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó dìde, ó sì ń rìn. Ní 1950, Hench, Edward Kendall àti Tadeus Reichstein gba ẹ̀bùn Nobel. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí a fi rí i pé bí oògùn náà bá ń lọ káàkiri ara fún ìgbà pípẹ́, ó ní ìpalára tirẹ̀. Ní 1951, Dókítà Joseph Hollander ní Philadelphia fi hàn pé a lè gún ìbátan rẹ̀ sí inú oríkèé tí ń dùn gan-an, kí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lè mọ síbẹ̀.

Ìrora Kìn-ín-ní

Omi yíyọ̀ kan bí funfun ẹyin wà nínú oríkèé, tí kì í jẹ́ kí eegun ha eegun. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oògùn yìí ni kì í yọ́ tán nínú omi. Wọ́n dà bí ẹfun tí a pò, ẹ̀rún wọn wẹ́wẹ́ a sì máa yọ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ẹ̀rún yìí ni ó lè mú kí oríkèé wú kí ó sì gbóná ní ìbẹ̀rẹ̀. Bákan náà, dókítà a sábà máa fi oògùn tí ń mú ibẹ̀ kú tipiri kún un. Nígbà tí agbára èyí bá tán lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, ìrora a padà, bẹ́ẹ̀ ni ìtura gan-an lè má dé títí di ọ̀sẹ̀ kan.

Irú ìrora yìí a máa bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí abẹ́rẹ́, a sì máa rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ 2 tàbí 3. Kí aláìsàn sinmi, kí ó má ru ẹrù, kí ó má lọ sí oko. Kí a fi aṣọ wé omi dídì, kí a gbé e lé orúnkún fún ìṣẹ́jú 15. Ó lè lo parasítámọ́ọ̀lù bí a ti júwe rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi omi gbígbóná jó o, kí a má sì fi agbára wọ́ ọ: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìrora Kejì

Bí ó bá di ọjọ́ kẹta tí ìrora kò dín, tí ó ń pọ̀ sí i, tàbí tí ó ti lọ tí ó tún padà. Bí orúnkún bá pọ́n, tí ó wú, tí ẹsẹ̀ kò ṣeé tẹ̀. Bí ibà tàbí òtútù bá dé nígbàkigbà, àfàìmọ̀ kí kòkòrò àrùn má ti wọ inú oríkèé. Àìsí ibà kì í ṣe ẹ̀rí àlàáfíà, nítorí oògùn náà lè bo ibà mọ́lẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kí a gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn, kí dókítà fa omi oríkèé yẹ̀ wò. Kí a má ra kápúsù ní ọjà láti fi dánrawò, nítorí láàárín ọjọ́ díẹ̀ oríkèé lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

Ohun Tí Dókítà Gbọ́dọ̀ Mọ̀

Kí aláìsàn tó gba abẹ́rẹ́, kí ó sọ bí ó bá ní àtọ̀gbẹ, nítorí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè ga fún ọjọ́ mélòó kan. Kí ó sọ bí egbò tàbí eéwo bá wà lára rẹ̀, àti oògùn tí ó ń lò. Kí ó sì sọ iye ìgbà tí a ti gún oríkèé náà, nítorí àwọn dókítà kì í sábà kọjá ìgbà 3 tàbí 4 lọ́dún ní oríkèé kan, kí kerekere orí eegun má baà jẹ. Àwọn tí ń gbé abẹ́rẹ́ kiri láti ilé dé ilé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan oríkèé ẹnikẹ́ni: ọwọ́ àìmọ́ àti abẹ́rẹ́ àlòtúnlò ni kòkòrò àrùn ń bá wọlé.

Kí ará ilé kọ ọjọ́ àti wákàtí abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ìrora tí ó tètè dé tí ó sì ń dín kù, kí a fi sùúrù bá a lò. Èyí tí ó kọjá ọjọ́ kẹta tí ó ń pọ̀ sí i, kí a má fi ọjọ́ kan ṣòfò lé e.