Ẹ Jẹ́ Ká Tún Ojú Writer Ṣe fún Èdè Yorùbá

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí bí a ṣe lè tún ojú LibreOffice Writer ṣe, ìyẹn ètò tí a fi ń tẹ ìwé ìròyìn yìí ní yàrá kọ̀ǹpútà. Ọdún 2010 ni wọ́n dá LibreOffice sílẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni.

Àwọn kan rò pé eré lásán ni kéèyàn máa tún ojú ètò ṣe. Kì í ṣe eré o. Ẹ wo gbólóhùn yìí: "Baba mi wa ninu oko." Ṣé inú oko ni bàbá wà tó ń kọ ebè ni, àbí inú ọkọ̀ ló wà tó ń bọ̀ láti Sapele? Ọmọ tó dàgbà sí Ìbàdàn lè fi etí tó ti gbọ́ Yorùbá láti kékeré mọ̀ ọ́n. Àwa tá a wà ní Warri ńkọ́? Pidgin là ń sọ níta. Nínú ẹgbẹ́ wa, a ní ọmọ Itsekiri, a ní ọmọ Urhobo, a sì ní ọmọ Ìjọ̀. Inú ìwé ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń kọ́ Yorùbá. Tí ìwé náà ò bá ní àmì, ta la fẹ́ bi?

Ohun tó ń jẹ́ kí àwọn tó ń tẹ̀wé fo àmì ni pé àmì jìnnà sọ́wọ́ wọn, àsìkò tá a sì ń lò nídìí kọ̀ǹpútà kò pọ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Yorùbá ni iṣẹ́ wa, Yorùbá ló yẹ ká fi tún ojú Writer ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé ojú ètò yàtọ̀ sí ojú ìwé. Ó dà bí lọ́kà wa ní họ́sítẹ̀lì. Bó o ṣe to lọ́kà rẹ ò yí ohun tó o kọ sínú nóòtù rẹ padà. Bákan náà, tí ẹ bá sọ bọ́tìnnì di ńlá, ìwé tẹ́ ẹ máa tẹ̀ jáde ò ní yí padà rárá.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

1. Ẹ tẹ View, lẹ́yìn náà User Interface. Ẹ mú Standard Toolbar. Èyí ló ń kó àwọn bọ́tìnnì sí ìlà lókè.

2. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máùsì tẹ ìlà bọ́tìnnì náà, kí ẹ lọ sí Visible Buttons. Ẹ yọ àwọn tí a kì í lò kúrò. Kò sí wàhálà, ibẹ̀ náà lẹ ti máa dá wọn padà.

3. Tí bọ́tìnnì bá kéré jù lójú yín, ẹ lọ sí Tools, Options, LibreOffice, View. Ẹ sọ ọ́ di Large níbẹ̀.

4. Èyí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ tẹ Insert, kí ẹ tẹ Special Character. Níbi Search, ẹ kọ "e with dot below". Tí ẹ bá rí ẹ, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì tẹ Add to Favorites. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ, ṣ, Ẹ, Ọ àti Ṣ. Lẹ́yìn náà, ẹ wá "combining acute accent" fún àmì òkè àti "combining grave accent" fún àmì ìsàlẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ kò ju 8 lọ! Àmì ohùn méjèèjì yìí máa ń gun orí lẹ́tà tó bá ṣáájú wọn, ì báà jẹ́ a, ẹ, ọ tàbí n. Láti ìsinsìnyí, tí ẹ bá tẹ ọfà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ω lókè, gbogbo wọn á ti wà níbẹ̀. Tí àmì bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, fọ́ǹtì ni kí ẹ pààrọ̀. Charis SIL dáa fún un.

Àwọn ọmọ Urhobo àti Itsekiri náà máa jẹ níbẹ̀, torí ẹ àti ọ wà nínú èdè tiwọn.

Ohun kan ló kù. Kọ̀ǹpútà tí gbogbo wa ń lò ni, orúkọ kan náà la sì fi ń wọlé. Ohun tí ẹnì kan bá tún ṣe ni ẹni tó kàn máa bá. Tí kálukú bá ń tún tiẹ̀ ṣe, kò sẹ́ni tó máa rí bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹgbẹ́ fẹnu kò sórí ojú kan ṣoṣo, ká kọ ọ́ sí pépà, ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ẹ má sì tẹ Restart in Safe Mode tó wà nínú Help láìsọ fún olùkọ́ kọ̀ǹpútà, torí ẹni tó bá ṣi nǹkan mú níbẹ̀ lè pa gbogbo ètò wa rẹ́.

Iṣẹ́ ṣíṣe:
(a) Ẹ kó àmì 8 náà sínú Favorites.
(b) Ẹ tẹ gbólóhùn yìí pẹ̀lú àmì rẹ̀: "Ọkọ̀ bàbá mi wà lóko."
(d) Ẹ yọ gbogbo àmì rẹ̀, kí ẹ fún ọ̀rẹ́ yín kà. Kí ló gbọ́?