Kí ni owó àsansílẹ̀ ń ṣe?

Bódìjà, Ìbàdàn.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo ti ka ohun tí o fi ránṣẹ́ láti Àgbowó nípa pírójẹ́ẹ̀tì rẹ. Inú mi dùn pé òfin àdéhùn lo mú, pé o sì fẹ́ fi tiwa wé ti Faransé àti ti Jámánì. Ṣùgbọ́n bí o ṣe là á sílẹ̀ yẹn, orí kan fún òfin Gẹ̀ẹ́sì tí a jogún, orí kan fún Faransé, orí kan fún Jámánì, kì í ṣe ìfiwéra. Ìwé mẹ́ta lo kàn dì pọ̀.

Ìjà kan ṣoṣo ni kí o mú, kí o gbé e ká ilé gbogbo wọn. Gba tèmi.

Lọ́dún 1987, mo rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ní Dùgbẹ̀, àlòkù ni, ṣùgbọ́n ó ṣì le. Ẹni tó ni ín ní òun á fi dè mí di ọjọ́ Jímọ̀. Mo wá owó lọ sí Ìlọrin. Nígbà tí mo fi máa dé lọ́jọ́ Alámìísì, wọ́n ti gbé ẹ̀rọ lọ. Lọ́yà tí mo tọ̀ lọ ní Ring Road kò tíì jẹ́ kí n jókòó tán tó fi bi mí pé, "Kí lẹ fi sílẹ̀ fún un?" Mo ní mi ò fi kọ́bọ̀ sílẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ó wá sọ ẹjọ́ Dickinson àti Dodds fún mi, tí wọ́n dá ní London lọ́dún 1876. Dodds fi ilé lọ Dickinson ní £800, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé òun dúró di aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Lọ́jọ́ Alámìísì, ó tà á fún ẹlòmíì, Dickinson sì gbọ́. Kóòtù ní Dodds kò jẹ̀bi, torí kò gba nǹkan kan lórí ìlérí àtidúró yẹn. Jímọ̀ àti Alámìísì, bíi tèmi gẹ́lẹ́! Mo tún wá sanwó fún lọ́yà lórí ẹ̀.

Gbé ìjà yìí dé Jámánì. Ìwé òfin wọn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1 January 1900, ní ẹni tó bá fi ọjà lọ èèyàn, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ti dè é, àfi tó bá ti là á sílẹ̀ pé kò dè é. (Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n fi pààlà sí àwọn òfin ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì tí a jogún, kí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ilẹ̀ wa tó fi tirẹ̀ rọ́pò wọn ní 1959. Fi há orí, á wúlò fún ọ.)

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí o fi fo Àjàṣẹ́ ní Benin kọjá tí o ń sáré lọ Paris? Láti Ìdìrókò sí Ìgólò, ìrìn ẹsẹ̀ ni, Yorùbá ló sì wà lọ́tùn-ún lósì. Benin àti Togo wà nínú OHADA, àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ síwèé ní Port-Louis lọ́dún 1993 pé òfin òwò kan náà làwọn á máa lò. Àwa kò sí níbẹ̀. Òfin tí wọ́n tún ṣe ní Lomé lọ́dún 2010 ní oníṣòwò tó bá dá ọjọ́ fún oníṣòwò ẹgbẹ́ ẹ̀ kò gbọdọ̀ yí ọ̀rọ̀ padà kí ọjọ́ náà tó pé. Ká ní lóde òní ni, tó sì jẹ́ Àjàṣẹ́ ni mo ti rí ẹ̀rọ yẹn, ẹnu mi ì bá gbà á.

Ibi tó ti wá dùn ni owó àsansílẹ̀. Onípákó Bódìjà á sọ fún ọ pé, "Ẹ fi nǹkan sílẹ̀ kí n lè bá yín tọ́jú ẹ̀." O máa sáré kọ ọ́ pé consideration, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ní kí a fi ra ìlérí, nìyẹn, pé àṣà wa àti ti Gẹ̀ẹ́sì bára mu. Dúró ná. Ìwé òfin Faransé ti 1804, tí Benin jogún, ní bí wọ́n bá fi irú owó bẹ́ẹ̀ sí ìlérí ọjà, ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì lè yẹ̀ ẹ́: ẹni tó san án á pàdánù ẹ̀, ẹni tó gbà á á dá a padà ní ìlọ́po méjì. Owó tí ìwọ rò pé ó so wọ́n pọ̀, ọ̀nà àbájáde ni lọ́hùn-ún. Èwo wá ni ti onípákó? Bí oníbàárà kò bá padà wá ńkọ́? Bí òun fúnra ẹ̀ bá ta pákó náà fún ẹlòmíì ńkọ́? Mo ti rí èyí tó dá owó padà láìjanpata, mo sì ti rí èyí tó ní kí n mú ọjà míì. Nítorí náà, má fi orúkọ wé orúkọ. Iṣẹ́ tí owó náà ń ṣe ni kí o wò.

Wá ní Sátidé, kí á jọ lọ sí ọjà. Má bi wọ́n pé kí ni òfin wọn o, wọ́n á rò pé owó orí lo wá gbà. Sọ pé, "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìjà tí ẹ ti jà rí lórí àsansílẹ̀ fún mi." Kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, tòun ti èébú inú ẹ̀. Wọ bàtà tó lè tẹ ẹrẹ̀, òjò rọ̀ lánàá.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.