Ṣé Ooru Ń Mú Un, àbí Ara Rẹ̀ Ló Gbóná?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní Ìbàdàn fọwọ́ ara rẹ̀ to kọ̀ǹpútà. Ó ra àpótí lọ́tọ̀, ó ra prọ́sẹ́sọ̀ lọ́tọ̀, ó ra fáànù lọ́tọ̀, ó wá jókòó, ó dè wọ́n pọ̀. Kò ju ọjọ́ kejì lọ tó fi pè mí. "Àǹtí, ẹ gbà mí o! Kọ̀ǹpútà mi ń gbóná. Bí mo bá tàn án, kò ní pẹ́ tó fi máa kú."

Mo bi í pé, "Ṣé ooru ń mú un ni, àbí ara rẹ̀ ló gbóná?" Ó dákẹ́. Ó rò pé ọ̀kan náà ni méjèèjì.

Bí ọmọdé bá ń làágùn nínú yàrá tí wọ́n ti fèrèsé rẹ̀ pa, ìyá rẹ̀ á ní ooru ń mú un, gẹ́gẹ́ bí òtútù ṣe ń mú ni. Ìta ni ooru náà ti wá. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ bọ́ ẹ̀wù lọ́rùn ọmọ, ó parí. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí ọmọ, tó ní "Ara ọmọ yìí gbóná," ta ni yóò máa sáré lọ ṣí fèrèsé? Ibà ni wọn yóò máa tọ́jú. Àwọn àgbà kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré rárá; ilẹ̀gbóná ni wọ́n ń pe ṣọ̀pọ̀nná, kí wọ́n má baà dárúkọ rẹ̀.

Ó máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ tí ọ̀dọ́ kan ń sọ pé "mo gbóná" nítorí pé ooru ń mú un. Ẹni tó gbóná ni ẹni tí inú rẹ̀ tètè ń ru. Ọ̀tọ̀ sì ni "móoru", tí í ṣe mú àti ooru tí a so pọ̀: yàrá máa ń móoru, aṣọ òfì máa ń móoru.

Mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣí ẹ̀gbẹ́ àpótí náà sílẹ̀, kí ó tún un tàn, kí ó máa ka iye ooru prọ́sẹ́sọ̀ fún mi nínú BIOS, ètò tó máa ń ṣí kí kọ̀ǹpútà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí iye náà bá já wálẹ̀ dáadáa, a jẹ́ pé ooru ló ń mú un: eruku ti dí ihò, tàbí atẹ́gùn kò rí ọ̀nà jáde. Bí kò bá yí padà, ara rẹ̀ ló gbóná: ooru kò ráyè kúrò lára prọ́sẹ́sọ̀ bọ́ sára irin tó yẹ kó gbà á.

Ó ń kà á: 70. 85. 96.

Kì í ṣe gbogbo prọ́sẹ́sọ̀ tó gbóná ló ń ṣàìsàn o. Ryzen 7000 ti AMD, tó jáde ní 2022, lè wà ní ìwọ̀n Celsius 95 lẹ́nu iṣẹ́ líle láìsí ewu; 100 ni ààlà ọ̀pọ̀ prọ́sẹ́sọ̀ Intel. Ṣùgbọ́n inú BIOS, níbi tí kò ti sí iṣẹ́ gidi kan lọ́wọ́ rẹ̀? Èyí ni a lè pè ní gbóná janjan. Bí prọ́sẹ́sọ̀ bá dé ààlà, á kọ́kọ́ dẹwọ́. Bí ooru bá ṣì ń lọ sókè, á ṣíwọ́. Mo fẹ́ kí a di ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí mú, nítorí alágbàṣe tó dẹwọ́ ṣì wà lóko, èyí tó ṣíwọ́ ti ń lọ sílé. Kọ̀ǹpútà tí ọmọ yìí ní ó kú kò kú. Ó ṣíwọ́ ni, kí ó má baà jóná.

Mo ní kí ó tú irin náà, kí ó dojú rẹ̀ dé. Ọ̀rá tín-ín-rín kan ṣì lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kí a bó o kúrò kí a tó lò ó. Orí ọ̀rá yẹn ni gbogbo ìpara tó fi sí i, èyí tó ń gbé ooru láti ara prọ́sẹ́sọ̀ bọ́ sára irin, wà. Ó bó o, ó fi òwú àti sípírítì nu ojú méjèèjì, ó fi ìpara tuntun tí kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ sí àárín. Ó fẹ́ fi ìka kùn ún káàkiri bí ọ̀dà. Mo ní kí ó fi sílẹ̀, irin náà ni yóò tẹ̀ ẹ́ fẹ̀.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tún pè. Ó ti dúró sí 38.

"Àǹtí, ara rẹ̀ ti wálẹ̀. Èmi gan-an ni ooru ń mú báyìí, ẹ jẹ́ kí n lọ ṣí fèrèsé."