Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Ìwé Tí Kò Dé Ọwọ́ Ẹni Tí Ó Yẹ

Ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ, ẹ ti mọ̀ ọ́n kà. Àwọn kan ṣì ń bi yín pé: «Kí lẹ fẹ́ fi ìwé ṣe? Ṣé ìwé ni ẹ ó fi roko ni?» Ẹ má bá wọn jà. Ẹ ka ìtàn yìí fún wọn. Òótọ́ ni, kì í ṣe àlọ́.

1. Ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀

Òkun kan wà ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì tí wọ́n ń pè ní Òkun Àríwá. Epo rọ̀bì àti gáàsì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá kọ́ ilé onírin sínú òkun náà láti máa fa epo. Ọ̀kan nínú àwọn ilé wọ̀nyí ni Piper Alpha. Ilé iṣẹ́ Occidental ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ń darí rẹ̀. Láti ọdún 1976 ni ó ti ń fa epo. Láti ibẹ̀ dé ìlú Aberdeen tó nǹkan bíi kìlómítà 190.

Àwọn òṣìṣẹ́ ń jẹ níbẹ̀, wọ́n ń sùn níbẹ̀. Bí àwọn kan bá ṣiṣẹ́ ọ̀sán, àwọn mìíràn á gbà á ní alẹ́. Ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1988, ènìyàn 226 ni ó wà níbẹ̀.

2. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀

Ẹ̀rọ méjì ni ó ń ti omi gáàsì lọ: ẹ̀rọ A àti ẹ̀rọ B. Ní ọjọ́ náà, wọ́n dá ẹ̀rọ A dúró, nítorí wọ́n fẹ́ tún un ṣe. Wọ́n tún yọ fáàfù kan kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Fáàfù yìí ni ó máa ń jẹ́ kí gáàsì rí ọ̀nà jáde bí agbára rẹ̀ bá pọ̀ jù. Wọ́n fi irin pẹlẹbẹ dé ojú ihò náà, ṣùgbọ́n wọn kò dé e pinpin. Nígbà tí ó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, wọn kò tíì dá fáàfù náà padà. Wọ́n ní ó di ọ̀la.

Ilé iṣẹ́ náà ní òfin. Ẹni tí ó bá fẹ́ tún ẹ̀rọ ṣe gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ iṣẹ́. Ìwé méjì ni wọ́n kọ lọ́jọ́ náà: ọ̀kan fún ẹ̀rọ A, ọ̀kan fún fáàfù. Àwọn tí ó wá ṣiṣẹ́ òru mọ̀ nípa ìwé ti ẹ̀rọ. Wọn kò mọ̀ nípa ìwé ti fáàfù. Kò sí ẹni tí ó fi ẹnu sọ ọ́ fún wọn.

Nígbà tí aago mẹ́wàá alẹ́ ku ìṣẹ́jú 15, ẹ̀rọ B kú. Wọ́n tàn án títí, kò dáhùn. Wọ́n wá ní: «Ẹ jẹ́ kí a tan ẹ̀rọ A.» Lójú tiwọn, kò sí ewu. Gáàsì bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde níbi tí wọ́n ti yọ fáàfù. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, ó bú gbàù! Iná sọ.

Àwọn ẹ̀rọ tí ó yẹ kí wọ́n da omi sí iná kò ṣiṣẹ́. Wọ́n ti yí wọn sí èyí tí a ń fi ọwọ́ tàn, nítorí àwọn òmùwẹ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ omi. Iná kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè dé ibẹ̀ lọ tàn wọ́n. Àwọn ilé onírin mìíràn tí ọ̀pá so pọ̀ mọ́ Piper Alpha kò tètè dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kó ara wọn jọ sínú ilé ibùgbé, wọ́n ń retí ọkọ̀ òfurufú. Kò lè balẹ̀. Èéfín pa wọ́n síbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó yè fò sínú òkun ni.

Ènìyàn 167 ni ó kú. Méjì nínú wọn wá nínú ọkọ̀ ojú omi láti gba àwọn yòókù là ni. Ènìyàn 61 péré ni ó yè lára àwọn 226.

3. Ṣé kò sí àmì tẹ́lẹ̀?

Àmì wà o! Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, òṣìṣẹ́ kan kú níbẹ̀. Ní ìgbà yẹn pàápàá, àwọn tí ó ń lọ kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún àwọn tí ó ń bọ̀. Ilé iṣẹ́ náà jẹ́bi ní kóòtù, ṣùgbọ́n àṣà náà kò yí padà tó. Ní oṣù kẹfà ọdún 1988, aṣojú ìjọba wá yẹ ibẹ̀ wò. Ó ní ó dára. Oṣù kan kò tíì pé tí iná fi jó o.

Adájọ́ tí wọ́n ń pè ní Lord Cullen ṣe ìwádìí ọ̀ràn náà. Ó gbé ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1990. Ìmọ̀ràn 106 ni ó wà nínú rẹ̀, ìjọba sì gba gbogbo wọn.

Ẹ ò rí i? Òfin wà, ìwé wà, ayẹ̀wò wà. Bí a bá wo àkọsílẹ̀ wọn, a ó ní iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Ìwé tí ẹni tí ó nílò rẹ̀ kò kà kò lè gba ẹnikẹ́ni là.

4. Kí ni àwa rí kọ́?

Ará iwájú tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ti ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Bóyá ilé ẹ̀rọ òwú ni ẹ ti ń ṣiṣẹ́, bóyá ẹ̀rọ ọlọ ni ẹ ní, bóyá mọ́tò ni ẹ ń tún ṣe, ẹ ṣe báyìí:

— Bí ẹ bá yọ nǹkan lára ẹ̀rọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.
— Ẹ gbé ìwé náà kọ́ sára ẹ̀rọ gan-an, níbi tí ẹni tí ó fẹ́ tàn án yóò ti rí i.
— Kí ẹ tó lọ sílé, ẹ fi ẹnu sọ ọ́ fún ẹni tí ó gba iṣẹ́. Kí òun náà tún un sọ fún yín.
— Ẹni tí ó gba iṣẹ́, ẹ máa béèrè: «Kí lẹ yọ? Kí lẹ kò tíì parí?» Kì í ṣe àrífín. Ọmọ iṣẹ́ lè bi ọ̀gá rẹ̀.

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín lẹ́ẹ̀mẹta: Ẹ MÁ TAN Ẹ̀RỌ YÌÍ. A TI YỌ NǸKAN LÁRA RẸ̀.

Ìbéèrè

1. Ìwé mélòó ni wọ́n kọ lọ́jọ́ náà? Èwo ni àwọn òṣìṣẹ́ òru kò mọ̀ nípa rẹ̀?
2. Kí ló dé tí wọ́n fi tan ẹ̀rọ A?
3. Aṣojú ìjọba ní ibẹ̀ dára. Kí ni ẹ rò pé ó yẹ kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́?
4. Níbi iṣẹ́ tiyín, ta ni ó máa ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín? Kí lẹ sọ fún un lánàá kí ẹ tó lọ?