Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Inú Mọ́tò àti Ọkọ̀ Ojú Irin: Bí A Ṣe Ń Lò Ó, Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Ẹni tó bá gbéra ní Ìgbàjà, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ní Ìpínlẹ̀ Kwara, tó ń lọ sí Èkó, Àbújá tàbí Jọ́ọ̀sì mọ̀ pé ọ̀nà náà kò kúrú. Bí inú bá ń lọ́ ọ lójú ọ̀nà, àfi kó bẹ dírẹ́bà. Dírẹ́bà yóò wá etí igbó kan dúró, àwọn ọkùnrin á yà sápá kan, àwọn obìnrin á máa wá ibi tí ojú èèyàn kò ti tó wọn. Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, aboyún àti ẹni tí àtọ̀gbẹ ń yọ lẹ́nu ni ìyà náà ń jẹ jù. Àwọn mìíràn kì í fẹnu kan omi láti àárọ̀ kí ìtọ̀ má bàa gbọ̀n wọ́n lọ́nà, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn ń pa wọ́n nínú mọ́tò.

Púpọ̀ nínú àwọn bọ́ọ̀sì ńlá tó ń rìn jìnnà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n títì ni wọ́n sábà máa ń tì í pa, tí wọ́n á sì kó ẹrù sínú rẹ̀. Ohun tó ń fà á ni pé kò sẹ́ni tó ṣètò ibi tí wọn yóò máa da ìdọ̀tí inú rẹ̀ sí. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ìlànà yìí fún ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ìjọ, ilé ẹ̀kọ́ àti onímọ́tò tó bá fẹ́ ra bọ́ọ̀sì tó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àti fún èrò tí yóò lò ó. Ibi ìdasí ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, kí ẹ tó náwó sórí mọ́tò.

Bí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń fi afẹ́fẹ́ fà (vacuum) ṣe ń ṣiṣẹ́

Nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí a ń fi omi ṣàn nílé, omi ló ń ti ìgbẹ́ lọ. Ó máa ń gba lítà 6 sí 9 lẹ́ẹ̀kan, ti àtijọ́ tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Páìpù rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 100, ó sì gbọ́dọ̀ dà gẹ̀ẹ́rẹ́ sísàlẹ̀. Omi díẹ̀ tún gbọ́dọ̀ dúró nínú àwo kí òórùn má bàa gòkè. Gbogbo èyí kò bá mọ́tò mu: omi wúwo, àyè há, gálọ́ọ̀pù a sì máa da omi inú àwo nù.

Ní ti vacuum, afẹ́fẹ́ ló ń fa ìgbẹ́ lọ, bí ọmọdé ṣe ń fi sitiróò fa mínírà. Joel Liljendahl, ará Sweden, ló gbé irú rẹ̀ jáde ní àwọn ọdún 1950. Ilé iṣẹ́ Electrolux ra iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1968. Ní Amẹ́ríkà, James Kemper gba ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ (patent) lórí èyí tó bá bàálù mu ní 1975, lẹ́yìn náà ló wá wọ́pọ̀ nínú bàálù àti ọkọ̀ ojú irin.

Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ nìyí:

1. Ẹ̀rọ á fa afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde, títí agbára afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò fi tó bí ìdajì sí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti òde. Nínú ọkọ̀ ojú irin, afẹ́fẹ́ láti inú kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ bíréèkì ló sábà máa ń ṣe èyí. Nínú bọ́ọ̀sì, ó lè jẹ́ pọ́ǹpù oníná 24 volt.
2. Omi díẹ̀, bí ìdajì lítà, á tú yí etí àwo ká láti ṣàn án.
3. Fáàfù ìsàlẹ̀ àwo á ṣí. Afẹ́fẹ́ inú yàrá á ya wọ inú páìpù pẹ̀lú ariwo ńlá, á sì gbá ohun tó wà nínú àwo lọ.
4. Fáàfù á padà pa dé. Òun ló ń dí òórùn, kì í ṣe omi.
5. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú irin, ìdọ̀tí á kọ́kọ́ wọ táńkì kékeré kan, afẹ́fẹ́ á wá tì í láti ibẹ̀ lọ sínú táńkì ńlá abẹ́ ọkọ̀.

Páìpù rẹ̀ kò ju bíi mílímítà 40 sí 50 lọ, ó sì lè gba òkè kọjá. Ẹ fi iye yìí sọ́kàn. Páìpù tí kò fẹ̀ ju ìka ọwọ́ mẹ́ta tí a pa pọ̀ lọ kò lè gba páàdì, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gba ọ̀rá píọ̀ wọ́tà.

Kí ẹ tó ra mọ́tò

*Ẹ wá ibi ìdasí.* Bí ilé ẹ̀kọ́ tàbí ìjọ yín bá ní táńkì ìdọ̀tí tó dára, tó ní sọ́káwéè, tí ọkọ̀ lè dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ lè ṣe é. Kó jìnnà sí kànga, bohólù àti odò tó mítà 30, ó kéré tán. Bí kò bá sí, ẹ bá àwọn tó ni ọkọ̀ tó ń fa sọ́káwéè sọ̀rọ̀ ní Ìlọrin. Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí àwọn náà ń dà á sí, kí ẹ sì jọ ṣe àdéhùn ọjọ́ àti owó. Ẹ ṣètò ti ìlú tí mọ́tò ń lọ pẹ̀lú, nítorí ibẹ̀ ni yóò sùn kó tó padà.

*Ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè irú èyí tó jẹ́.* Kì í ṣe gbogbo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú bọ́ọ̀sì ni vacuum. Ọ̀pọ̀ wà tí ìdọ̀tí kàn ń já sínú táńkì tó ní omi olóògùn aláwọ̀ búlúù. Ọ̀nà ìtọ́jú wọn yàtọ̀.

*Ẹ ṣírò táńkì.* Ká ní táńkì ìdọ̀tí gba lítà 100. Bí ìgbà kọ̀ọ̀kan bá kó lítà kan wọlé, ìyẹn ìdajì lítà omi ìṣàn àti ìdajì lítà láti ara èèyàn, èèyàn bí 100 ló máa lò ó kó tó kún. Bí oníkálukú bá tún fi lítà omi kan ṣan ìdí, bí àwọn Mùsùlùmí ti máa ń ṣe, yóò di 50. Ẹ má ṣe torí èyí fi omi du ẹnikẹ́ni. Ẹ yáa ra táńkì tó tó ìlò yín, kí ẹ sì gbé búta kékeré tí kò gbà ju ìdajì lítà lọ síbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé omi lítà 9 lẹ ń ṣàn lẹ́ẹ̀kan ni, èèyàn mẹ́wàá péré ló máa kún táńkì kan náà.

*Ẹ bèèrè rọ́bà fáàfù.* Rọ́bà yìí ló ń tètè gbó jù lọ. Ẹ rà á sílẹ̀ pẹ̀lú mọ́tò, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ́ mẹkáníìkì yín bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀.

Kí mọ́tò tó gbéra

1. Ẹ bu omi tó mọ́ tí kò ní iyanrìn kún táńkì omi. Iyanrìn á dí ẹnu ibi tí omi ń tú jáde.
2. Ẹ tan ẹ̀ńjìnnì, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì. Ariwo fífà gbọ́dọ̀ lágbára, kó sì dúró wáí. Bí ó bá ń ṣe ṣììì lọ láì dáwọ́ dúró, fáàfù kò pa dé.
3. Ẹ wo iná táńkì. Iná pupa túmọ̀ sí pé ó ti kún. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kì í gbà kí ẹnikẹ́ni ṣàn án mọ́ nígbà náà.
4. Ẹ wo páìpù tó ń gbé òórùn táńkì jáde lókè mọ́tò. Agbọ́n àti ìdọ̀tí ewé máa ń dí i.
5. Ẹ gbé tísù, ọṣẹ, omi ìfọwọ́ àti agolo onídèérí sínú yàrá náà. Agolo yìí ni wọn yóò máa da páàdì àti dáyápà sí. Bí kò bá sí agolo, inú àwo ni wọ́n máa jù ú sí.

Ohun tí a ó sọ fún èrò

Kọ́ńdọ́kítọ̀ ni kó sọ ọ́ kí mọ́tò tó kúrò ní páàkì, ní èdè tí gbogbo èrò gbọ́. Kó má tijú. Kó sọ pé:

Ẹ jókòó lé e, ọkùnrin pẹ̀lú, nítorí mọ́tò ń mì. Ẹ má gun orí àwo lóṣòó. Ẹ di irin ara ògiri mú. Ìtọ̀, ìgbẹ́ àti tísù díẹ̀ nìkan ló ń wọ inú àwo. Páàdì, dáyápà, àkísà, ọ̀rá, pákò, eegun àti ìyókù oúnjẹ, inú agolo ni. Ẹ dìde, ẹ dé ìdérí, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ ó tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì dúró kó parí. Ariwo rẹ̀ á pọ̀, kò léwu. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ dá wọlé. Ẹ fọ ọwọ́.

Bí a ṣe ń tú táńkì

Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ẹni tó ń tú táńkì yẹ lẹ́ni tí a ń sanwó fún dáadáa, tí a sì ń ra ohun èlò fún. Kí ẹ tú u lẹ́yìn ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan, ì báà má kún, nítorí ooru ilẹ̀ wa máa ń tètè mú un hó, tí á sì rùn.

1. Ẹ gbé mọ́tò síbi tó tẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìdasí. Ẹ fa háńdì bíréèkì, ẹ fi ìtì igi há táyà, ẹ pa ẹ̀ńjìnnì.
2. Ẹ lé ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn kúrò níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá tàbí dáná, nítorí gáàsì inú táńkì lè gbiná.
3. Ẹ wọ bàtà òjò, ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó gùn, ìbòmú àti awò tó bo ojú.
4. Ẹ so rọ́bà ìdọ̀tí mọ́ ẹnu táńkì, kó wọ̀ dáadáa, kí ẹ ti orí rẹ̀ kejì bọ inú ihò kó má bàa yọ. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí fáàfù. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí fáàfù yóò fi ara rẹ̀ wẹ̀ ẹ́.
5. Ẹ jẹ́ kó ṣàn tán. Ẹ bu omi lítà bí 20 sínú táńkì, kí ẹ tún tú u. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.
6. Ẹ pa fáàfù dé kí ẹ tó yọ rọ́bà. Ẹ fọ rọ́bà náà sínú ihò kan náà, kí ẹ gbé e síbi tirẹ̀. Rọ́bà yìí kò gbọ́dọ̀ fara kan rọ́bà tí ẹ fi ń bu omi sínú mọ́tò láéláé.
7. Ẹ dé ihò. Ẹ fi ọṣẹ wẹ ọwọ́ àti apá. Ẹ kọ ọjọ́ náà sínú ìwé.

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ki orí bọ inú táńkì tàbí wọ inú ihò láti yọ ohun tó há. Gáàsì ibẹ̀ lè pa èèyàn kó tó kígbe, ẹni tó bá sáré wọlé láti yọ ọ́ á sì kú tẹ̀ lé e.

Ẹ má sì dà á sí oko, gọ́tà tàbí odò. Ẹyin aràn inú rẹ̀ lè wà láàyè nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, onígbáméjì sì ń bá omi rìn wọ ilé gbogbo wa.

Bí ó bá dá iṣẹ́ sílẹ̀

*Kò fà rárá.* Ẹ kọ́kọ́ wo iná táńkì, kí ẹ wo fíúùsì, lẹ́yìn náà agbára afẹ́fẹ́.

*Ó ń fà láì dúró.* Nǹkan há sẹ́nu fáàfù, tàbí rọ́bà rẹ̀ ti gbó. Ẹ pa iná rẹ̀ kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.

*Kò fà bíi ti tẹ́lẹ̀.* Nítorí pé omi rẹ̀ kéré, èérí líle láti inú ìtọ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ inú páìpù. Fínígà ni kí ẹ dà sí i lálẹ́, kó sun ibẹ̀, kí ẹ ṣàn án láàárọ̀. Ẹ má da Jik pọ̀ mọ́ fínígà tàbí ásíìdì kankan, nítorí èéfín rẹ̀ ń pa ẹ̀dọ̀fóró lára. Ẹ má fi irin tàbí wáyà gún páìpù, yóò ya rọ́bà fáàfù.

Bí ẹ bá wọ ọkọ̀ ojú irin

Rélùwéè kò gba Ìgbàjà. Ó dé Ìlọrin ní 1908, ó sì dé Jẹ́bà ní 1909. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rélùwéè ayé àtijọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi jẹ́ ihò lásán tó ń já sórí ilẹ̀ láàárín irin méjèèjì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń sọ fún èrò pé kí wọ́n má lò ó nígbà tí ọkọ̀ bá dúró ní ibùdókọ̀. Orílẹ̀-èdè tó ń kúrò nídìí irú rẹ̀ ń fi táńkì sí abẹ́ kóòṣì, Íńdíà sì fi táńkì tó ní kòkòrò tó ń jẹ ìgbẹ́ sábẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún kóòṣì rẹ̀.

Ojú irin tuntun láti Èkó, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, kìlómítà 157, Mọ́níyà ní Ìbàdàn ló parí sí. Ará Ìgbàjà tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ ní láti kọ́kọ́ wọ mọ́tò débẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin yòówù kí ẹ wọ̀, ẹ wo àwo kí ẹ tó lò ó: bí ẹ bá rí ilẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ dúró títí ọkọ̀ yóò fi kúrò ní ibùdókọ̀. Bí ẹ bá rí fáàfù tó pa dé àti bọ́tìnnì, ìlànà ti bọ́ọ̀sì náà lẹ ó tẹ̀ lé. Bí iná pupa bá ń tàn lẹ́nu ọ̀nà, ẹ lọ sí kóòṣì kejì.

Ní ti yíyà sínú igbó tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí yíyàgbẹ́ síta gbangba dópin nílẹ̀ wa kí 2025 tó parí. Àṣẹ nìkan kò lè ṣe é. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àti ẹ̀yin onímọ́tò Ìgbómìnà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá owó jọ, kí ẹ gbẹ́ ibi ìdasí kan tó bófin mu sí páàkì, kí gbogbo mọ́tò máa lò ó. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣe é ni kọ́kọ́rọ́ máa kúrò lára ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú bọ́ọ̀sì, tí àwọn ìyá wa kò sì ní í wọ igbó mọ́.